Sítáàfù kọ́ ni: bí àyẹ̀wò àrùn ìbálòpọ̀ ṣe yẹ kó rí

Ẹ wo ìwé èsì àyẹ̀wò kan tó wọ́pọ̀ ní àwọn láàbù ìgboro wa. Wọ́n kọ “HVS M/C/S” sókè rẹ̀: HVS ni high vaginal swab, òwú tí wọ́n fi mú omi ojú ara; M/C/S ni pé wọ́n wò ó, wọ́n gbìn ín, wọ́n sì dán oògùn wò lórí rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní Staphylococcus aureus, kòkòrò tí a ń pè ní sítáàfù, ló hù, wọ́n fi àmì ìròpọ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n wá to orúkọ oògùn bíi mẹ́jọ tẹ̀ lé e: èyí tó ń pa á, èyí tí kò ràn án. Obìnrin tó gba ìwé náà á mú un lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, owó á lọ. Lóṣù kejì á tún àyẹ̀wò ṣe, sítáàfù á tún hù. Ọkọ náà á lọ ṣe tirẹ̀, wọ́n á ní ó wà nínú àtọ̀ rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dé ìdí ọkọ̀ alágbo tó ń fi gbohùngbohùn pariwo ní gáréèjì pé òun ní oògùn sítáàfù tó ti wọ eegun.

Sítáàfù kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀. Inú imú ni ilé rẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló ń gbé e kiri nínú imú láìmọ̀, ó sì máa ń wà lára awọ abẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń yọ òwú àyẹ̀wò jáde tí òwú kan awọ, sítáàfù ti bá a lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá fi òwú náà ra ojú àwo láàbù, tí wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó móoru dé 37°C mọ́jú, á hù wìtìwìtì, torí kì í ṣòro tọ́jú. Ẹlẹgẹ́ ni kòkòrò àtọ̀sí ní tirẹ̀. Àwo pàtàkì tí wọ́n ń pè ní chocolate agar ló fẹ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide inú rẹ̀ tó ìdá 5 nínú 100, bí òwú bá sì gbẹ lọ́nà kó tó dé láàbù, ó ti kú. Chlamydia, kòkòrò àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, kò tilẹ̀ lè hù lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ rárá, àfi nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè. Nítorí náà, ohun tó rọrùn láti hù ni ìwé yẹn ń sọ, kì í ṣe ohun tó ń ṣe aláìsàn. (Sítáàfù ń fa eéwo, ó ń ba egbò jẹ́, ó sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ pa èèyàn. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí.)

Àṣìṣe kejì wà nínú lẹ́tà H yẹn gan-an. HVS ni òwú tí wọ́n tì bọ ojú ara obìnrin títí dé òkè. Ẹnu ilé ọmọ ni àtọ̀sí àti Chlamydia ń gbé lára obìnrin tó ti dàgbà, kì í ṣe ògiri ojú ara. Ẹni tó bá fẹ́ gbin àtọ̀sí ní láàbù gbọ́dọ̀ mú òwú láti inú ẹnu ilé ọmọ gan-an. HVS wúlò fún Trichomonas, fún kandídà, àti fún ìgbà tí kòkòrò rere ojú ara bá ti dín kù. Kì í ṣe àyẹ̀wò àtọ̀sí, bí ó ti wù kí oògùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó.

“Toilet infection” ni ìkejì sítáàfù. Kò sí àrùn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn. Kòkòrò àtọ̀sí kì í pẹ́ kú lórí àga ilé ìyàgbẹ́, kì í fò látinú ṣalángá wọ ara èèyàn, ibi tí itan kàn lórí àga kọ́ sì ni ojú ara ń kàn. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta. Kandídà ni àkọ́kọ́: omi funfun tó ki bí ògì tó dì, tí kì í rùn, ṣùgbọ́n tó ń yún obìnrin débi tí kò fi ní lè jókòó. Oyún, àtọ̀gbẹ àti antibiotic àmujù ló ń fà á, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún sítáàfù lè jẹ́ òun gan-an ló bí i. Ìkejì ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní BV: omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ eérú tó ń mú òórùn ẹja wá, pàápàá lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Kòkòrò rere tó ń jẹ́ kí ojú ara kan díẹ̀ ló dín kù, àwọn mìíràn sì gbapò. Ẹni tó ń fi ọṣẹ, Dettol tàbí álọ́ọ̀mù fọ inú ojú ara ń lé àwọn kòkòrò rere yìí jáde ni, òórùn tó ń sá fún á sì máa padà wá. Omi lásán ní ìta ti tó, inú ń fọ ara rẹ̀. Ìkẹta nìkan ni àrùn ìbálòpọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn Trichomonas: omi tó pọ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, tó ń hó díẹ̀, tó sì ń rùn. Ọkọ rẹ̀ sábà máa ń ní i láìní àmì kankan. Bí wọ́n bá tọ́jú ìyàwó nìkan, ọkọ lè tún kó o ràn án.

Nínú àrùn ìbálòpọ̀ mẹ́jọ tó gbilẹ̀ jù, mẹ́rin ló ṣeé wò sàn pátápátá: àtọ̀sí, Chlamydia, sífílíìsì àti Trichomonas. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020 nìkan, àkóràn tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí láàárín àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49 tó mílíọ̀nù 374. Ti fáírọ́ọ̀sì ni HIV, mẹ́dọ̀wú B, herpes àti HPV. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún mẹ́dọ̀wú B àti HPV. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní ti HPV, ẹ̀ẹ̀kan péré. HPV ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ẹni tó bá lọ́mọbìnrin nílé kó má jẹ́ kó kọjá.

Bí wọ́n ṣe ń ràn yàtọ̀ síra, òun ló sì ń sọ ibi tí kọ́ńdọ̀mù lágbára dé. Àtọ̀sí, Chlamydia, Trichomonas àti HIV ń bá omi ara rìn. Kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ń dí wọn dáadáa. Sífílíìsì, herpes àti HPV ń ti ara kan ara. Bí egbò bá wà ní ìdí nǹkan ọkùnrin tàbí lára ẹpọ̀n, kọ́ńdọ̀mù kò bò ó, nítorí náà ààbò rẹ̀ dín kù níbẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe pé ó sàn ju ká má lò ó lọ. Ẹnu náà wà nínú rẹ̀. Àtọ̀sí ń gbé nínú ọ̀fun láìdun ẹni tó ní i, á sì máa ti ibẹ̀ ran ẹlòmíràn. Ìyá ń kó o ràn ọmọ nígbà ìbímọ: ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ wú, tí ọyún ń dà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, torí àtọ̀sí lè fọ́ ojú náà. Omi ọmú kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Iye ọjọ́ tí àrùn ń lò kó tó farahàn ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé. Lára ọkùnrin, àtọ̀sí sábà máa ń gbà tó ọjọ́ 2 sí 7. Chlamydia ń gba ọ̀sẹ̀ 1 sí 3, Trichomonas ọjọ́ 5 sí 28, sífílíìsì ọjọ́ 10 sí 90, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 21 ló wọ́pọ̀ jù. Ọkùnrin tí ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀ láàárọ̀ Sátidé máa ń tètè di ẹ̀bi ru ẹni tó bá sùn lálẹ́ Jímọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ kó rántí. Ti obìnrin tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ní àmì rárá. Ó lè wà lára wọn fún oṣù púpọ̀. Àyẹ̀wò lè sọ pé àrùn wà. Kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ kó o, kò sì lè dájọ́ panṣágà. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún tọkọtaya kí èsì tó jáde, torí bó bá ti jáde, etí kì í gbọ́ mọ́.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí á kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn. Á ní kí ìyá, ọkọ tàbí ọ̀rẹ́ tó sin ín wá bọ́ síta. Nígbà wo lẹ bá èèyàn sùn kẹ́yìn? Ènìyàn mélòó láti oṣù mẹ́ta? Ọ̀nà wo: ojú ara, ẹnu, ihò ìdí? (Ìdáhùn sí èyí ló ń sọ ibi tí wọ́n á ti mú òwú.) Ìgbà wo lẹ rí nǹkan oṣù kẹ́yìn? Ṣé ara yín kì í kọ penicillin? Èyí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù, tó sì ṣe pàtàkì jù nílẹ̀ wa ni pé: kí lẹ ti lò? Kápúsù Ampiclox méjì tí èèyàn gbé mì láàárọ̀ lè má wo àtọ̀sí sàn, síbẹ̀ kó tó láti jẹ́ kí àwo láàbù má hu nǹkan kan. Ẹ má tijú, ẹ mú páálí oògùn náà dání, pẹ̀lú orúkọ àgbo bó bá wà.

Fún ọkùnrin, ẹ má ṣe tọ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó wọlé, méjì ló dára jù. Dókítà á fọwọ́ wá kókó níbi tí itan ti pàdé ikùn, á tẹ ẹpọ̀n méjèèjì wò, á wá fi ìka fún nǹkan ọkùnrin láti ìdí wá sí orí bóyá ọyún á yọ. Èyí tó bá yọ, wọ́n á fi ra ojú gíláàsì, wọ́n á kùn ún ní àwọ̀ Gram. Lábẹ́ ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi, kòkòrò àtọ̀sí máa ń wà ní méjì-méjì, ó pọ́n, ó sì wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọyún. Àyẹ̀wò yìí kò wọ́n, kì í ju wákàtí kan lọ, bí ọyún bá ń jáde lóòótọ́ ó sì ń mú ju 95 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Lára obìnrin, bí ìdajì péré ló ń mú, nítorí náà “a ò rí nǹkan kan” lórí gíláàsì obìnrin kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ àyẹ̀wò DNA tí wọ́n ń pè ní NAAT ni, ìtọ̀ ni wọ́n á gbà lọ́wọ́ ọkùnrin: èyí tó kọ́kọ́ jáde, 20 sí 30 mL péré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é sódì nítorí pé wọ́n ti kọ́ wọn fún àyẹ̀wò ìtọ̀ lásán pé kí wọ́n da ti ìbẹ̀rẹ̀ nù, kí wọ́n gba ti àárín. Ti ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló fọ kòkòrò kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó kún ife dé ẹnu ti bomi là á. Obìnrin lè fi òwú mú ti ojú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, ó sì péye bíi ti dókítà fún NAAT. Ẹ̀rọ GeneXpert tí àwọn ilé ìwòsàn ń fi wá ikọ́ ẹ̀gbẹ ní káátíríìjì fún Chlamydia àti àtọ̀sí, èsì rẹ̀ sì ń jáde ní nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní i kí ẹ tó sanwó HVS.

Ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ dúró: ẹpọ̀n tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọ̀dọ́mọkùnrin gidigidi, tó sì gòkè, kì í ṣe ohun tí a ń fi oògùn àtọ̀sí dán wò. Ó lè jẹ́ pé okùn rẹ̀ ló lọ́. Bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ abẹ láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹpọ̀n náà lè kú.

Fún obìnrin, àyẹ̀wò oyún ló ṣáájú gbogbo nǹkan, ìdí sì wà. Inú rírun lábẹ́ ìdodo lè jẹ́ àkóràn tó ti gòkè wọ ilé ọmọ, ó sì lè jẹ́ oyún tó dúró síta ilé ọmọ, èyí tó lè bẹ́ kó sì pa á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ti speculum (ohun èlò tí wọ́n fi ń la ojú ara wò), tí wọ́n ti fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin, bọ ojú ara. Wọ́n á wo ẹnu ilé ọmọ: ṣé ọyún wà níbẹ̀, ṣé ó ń ṣẹ̀jẹ̀ bí òwú bá kàn án? Òwú á wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, wọ́n á yí i po fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30. Omi tó bá wà fún Trichomonas gbọ́dọ̀ dé abẹ́ ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀. Kòkòrò náà ń lúwẹ̀ẹ́, lílúwẹ̀ẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, bó bá tutù tàbí tó pẹ́, á dákẹ́, kò sì ní yàtọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì lásán mọ́. Níkẹyìn, dókítà á fi ìka méjì mi ẹnu ilé ọmọ díẹ̀. Obìnrin tó bá fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì nítorí ìrora níbẹ̀ ti ní ìdí láti bẹ̀rẹ̀ oògùn ọlọ́jọ́ 14 lọ́jọ́ náà, kí èsì tó jáde. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá sílé ọmọ tóóró gan-an. Bí ọgbẹ́ bá jinná síbẹ̀, ó lè dí. Ọ̀pọ̀ àìrọ́mọbí tí wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru sítáàfù, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nípa oògùn, àtọ̀sí ń kọ́ ìjà kíákíá. Penicillin ló ń wò ó nígbà kan. Ní 1976, wọ́n rí irú tó ń ba penicillin jẹ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Liverpool. Èyí tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà wá láti Éṣíà, ti Liverpool sì ní okùn tó so ó mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Tetracycline tẹ̀ lé e. Ní 2007, Amẹ́ríkà yọ ciprofloxacin kúrò, nígbà tó di 2012 wọ́n yọ cefixime kúrò ní ipò àkọ́kọ́. Ceftriaxone ló wá wà ní ipò àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ìdí kan ṣoṣo: 500 mg ní ìlànà Amẹ́ríkà láti ìparí 2020, 1 g ní Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn ò bá tíì rí i dájú pé Chlamydia kò sí níbẹ̀, wọ́n á fi doxycycline 100 mg kún un, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ fi omi púpọ̀ gbé e mì, ẹ má dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dá egbò sí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má sì mu mílíìkì tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ (blood tonic) pọ̀ mọ́ ọn. Aboyún kì í lò ó, azithromycin 1 g ni tirẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ń dunni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi lidocaine pò ó. Èyí tí wọ́n bá fi lidocaine pò, iṣan ìdí nìkan ló wà fún. Ewu ńlá ni bó bá wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Gentamicin náà ní ipò tirẹ̀, 240 mg lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú azithromycin 2 g fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ ceftriaxone. Gígé e sí 80 mg fún ọjọ́ márùn-ún bí kẹ́míìsì ṣe máa ń ṣe ń kọ́ kòkòrò ní ìjà ni.

Sífílíìsì ló ń tan èèyàn jù. Egbò kan ṣoṣo, tó le létí, tí kì í dunni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 á jinná fúnra rẹ̀, ẹni tó lo àgbo lásìkò yẹn á sì máa búra pé àgbo ló wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ara á sú, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn náà á tún lọ. Àrùn náà kò lọ. Benzathine penicillin ló ń wò ó: yúnìtì mílíọ̀nù 2.4, ẹ̀ẹ̀kan bí kò bá tíì pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bó bá ti ju ọdún kan lọ tàbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó wọlé. Láàárín ọjọ́ kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ibà àti orí fífọ́ lè dé. Kì í ṣe pé ara kọ penicillin, kòkòrò tó ń kú ló fà á.

Páálí kékeré tí wọ́n fi ń yẹ sífílíìsì wò fún àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní ìṣòro kan: ó ń wá ohun ìjà tí ara ti ṣe, èyí tí kì í sábà kúrò títí láé. Ẹni tí wọ́n ti wò sàn lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn á ṣì máa ní ìlà méjì. Kí wọ́n tó sọ ìgbéyàwó nù, RPR oníye ni kí wọ́n ṣe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi iye hàn: bí nọ́ńbà ẹ̀yìn bá ṣe kéré sí ló dára sí. Bó bá jẹ́ 1:32 kí wọ́n tó gún un, tó wá di 1:8 tàbí kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, oògùn ti ṣiṣẹ́. Láti 1:32 sí 1:16 kò tíì tó nǹkan.

HIV: ẹni tó bá fura pé òun kó o kó dé ilé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, wọ́n á fún un ní oògùn ọjọ́ 28. Bí ó ti yá sí ló dára sí. Àyẹ̀wò tó wá ohun ìjà ara nìkan lè gba 90 ọjọ́ kó tó dájú, ti láàbù ìran kẹrin, èyí tó ń wá ẹ̀yà ara fáírọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú, ọjọ́ 45. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé tí wọn kò rí fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kì í kó o ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Àwọn ará wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì kó mọ̀ pé àyẹ̀wò àti ìtọ́jú gbogbo àrùn ìbálòpọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní NHS (ètò ìlera ìjọba ibẹ̀), HIV pẹ̀lú, bí ìwé ìgbélùú wọn kò bá tilẹ̀ tíì pé.

Lẹ́yìn oògùn àtọ̀sí tàbí Chlamydia, kí àwọn méjèèjì yàgò fún ara wọn fún ọjọ́ 7 gbáko, láti ọjọ́ tí ẹni tó lò kẹ́yìn gba tirẹ̀. Gbogbo ẹni tí wọ́n ti bá sùn láti 60 ọjọ́ sẹ́yìn ló yẹ kó mọ̀. Ẹ má sáré ṣe NAAT ní ọ̀sẹ̀ kejì láti mọ̀ bóyá Chlamydia ti lọ, DNA òkú kòkòrò á ṣì wà níbẹ̀, á sì dẹ́rù bà yín lásán. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni kí àwọn méjèèjì padà wá. Bó bá tún jáde nígbà náà, ìgbà púpọ̀ ni kì í ṣe pé oògùn kùnà: ẹnì kan ṣì wà tí wọn kò tíì pè.